Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe dísù: Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ wa nípa ọkọ̀ tó ń kọ̀ láàárọ̀

Ojoojúmọ́ ni orúkọ ọkùnrin kan ń jáde lẹ́nu àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta epo ní Apple Junction, níbi tí Festac Town àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ti pàdé ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni. Dísù tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ọ̀sì àti jẹnẹrétọ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gáàsì, Rudolf Diesel ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni. Ó ti lé ní 110 ọdún báyìí tí ó ti kú. Inú òkun ni ó kú sí, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìtàn ọkùnrin yìí wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ dísù àtijọ́, bíi Mercedes 240D tàbí Peugeot 504 tó ń lo dísù, ó sì wúlò fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta ní abúlé. Ìdí ni pé ohun tó máa ń sọnù nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tutù mọ́jú, tó sì kọ̀ tí kò ṣíná láàárọ̀, ohun kan náà ni Diesel fi ọ̀pọ̀ ọdún wá kó tó rí i. Ẹni tó bá mọ ohun náà kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ òun lásán.

Ọmọ oníṣẹ́ awọ

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1858 ni wọ́n bí Rudolf ní ìlú Paris, lórílẹ̀-èdè Faransé. Ọmọ Jámánì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Theodor, a máa di ìwé, a sì máa fi awọ ṣe oríṣiríṣi nǹkan tà. Nígbà tí Rudolf wà lọ́mọdé, òun ni ó máa ń fi ọmọlanke ti ọjà náà lọ fún àwọn oníbàárà.

Ní ọdún 1870, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Faransé àti Jámánì. Àwọn ará Jámánì tó wà ní Paris kò lè dúró mọ́, ni ẹbí Diesel bá kó lọ sí ìlú London. Kí ọdún náà tó parí, àwọn òbí Rudolf fi í ránṣẹ́ sí Augsburg, ìlú bàbá rẹ̀ ní Jámánì, lọ́dọ̀ ẹbí wọn kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ Aṣámú, kékeré ló ti ń jẹ ẹnu ṣámúṣámú. Kò pẹ́ tí Rudolf fi mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni òun fẹ́ ṣe, ó sì gbégbá orókè nílé ìwé.

Ní ọdún 1875, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Munich. Àwọn òbí rẹ̀ kò fara mọ́ ọn, nítorí pé wọ́n fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl von Linde, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nípa ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù, ló kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni Diesel ti gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo ayé ń lò nígbà náà fún ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ojú omi àti ilé iṣẹ́, ń fi epo ṣòfò gidigidi. Bí ènìyàn bá kó igi 10 sí i, iṣẹ́ tí igi kan lè ṣe náà ni yóò rí gbà níbẹ̀. Mẹ́sàn-án yòókù ti bá èéfín lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọkùnrin náà lára. Ó pinnu pé òun yóò ṣe ẹ́ńjìnnì tí kò ní fi epo ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ibà taifọ́ọ̀dì kò jẹ́ kó ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ ní ọdún 1879. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1880, ó ṣe é, èsì rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ó padà sí Paris láti bá Linde ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe omi dídì. Ní 1883, ó fẹ́ Martha Flasche, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n sì bí. Ní 1890, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Berlin.

Atẹ́gùn tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ọ̀ǹpù náà máa ń gbóná. Atẹ́gùn tí a ń fún pọ̀ nínú rẹ̀ ló fa ooru náà. Lórí èyí ni Diesel gbé èrò rẹ̀ kà. Ó ní bí a bá fún atẹ́gùn pọ̀ gan-an nínú sìlíńdà, tí a sì wá fọ́n epo sí i, epo náà yóò gbaná fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù nílò plọ́ọ̀gì tí yóò ṣá iná sí epo rẹ̀. Ti Diesel kò nílò rẹ̀. Ooru atẹ́gùn ni ìṣáná rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ dísù àtijọ́, atẹ́gùn tó gba àyè bí 20 ni písítìn máa ń fún mọ́ àyè kan ṣoṣo. Ooru rẹ̀ yóò ju 500 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ omi tó ń hó lórí iná kò ju 100 lọ.

Ní ọdún 1892, Diesel béèrè fún ìwé àṣẹ ìjọba lórí èrò yìí. Wọ́n fún un ní 1893, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún náà. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá tó wà ní Augsburg àti ilé iṣẹ́ Krupp gbà láti náwó sí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1893, wọ́n dán èyí àkọ́kọ́ wò. Epo gbaná nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun èlò ìwọ̀n tó wà lórí rẹ̀ bú gbàù, díẹ̀ ló kù kó ṣe Diesel fúnra rẹ̀ léṣe. Ẹ́ńjìnnì náà kò lè fi agbára ara rẹ̀ yí. Wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1894, ó fi agbára ara rẹ̀ yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó sì dúró. Ìṣẹ́jú kan náà ti tó láti fi hàn pé èrò náà kì í ṣe àlá.

Ó tún gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ta sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, Ọ̀jọ̀gbọ́n Moritz Schröter láti Munich wá yẹ ẹ́ńjìnnì tuntun wò níwájú àwọn ènìyàn. Ó rí i pé ó ń sọ ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ooru epo di iṣẹ́. Èyí ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ̀rọ olóoru omi ń ṣe lọ. Òkìkí Diesel kàn láti ọjọ́ náà.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń wá ọ̀nà yìí o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Akroyd Stuart ti gba ìwé àṣẹ lórí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní 1890, àwọn kan sì wà tí wọ́n ní òun ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì Akroyd Stuart bá tutù, ó di dandan kí wọ́n fi iná fìtílà yan orí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó lè ṣiṣẹ́. Ti Diesel kò nílò iná láti ìta. Atẹ́gùn tí wọ́n ti fún sínú ìgò irin ni wọ́n fi ń yí i ní àkọ́kọ́, bó bá sì ti ń yí, ooru rẹ̀ ti dé nìyẹn.

Epo ẹ̀pà ní Paris

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó kan àwa ará Áfíríkà. Ní 1900, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan ní Paris. Ìjọba Faransé, tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀pà ti ń so dáadáa ní Áfíríkà nígbà náà, fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì Diesel lè lo epo ẹ̀pà. Ilé iṣẹ́ Otto fi epo ẹ̀pà sínú ọ̀kan níbẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ láìsí ìyọnu, débi pé àwọn òǹwòran díẹ̀ ló mọ̀ pé kì í ṣe epo inú ilẹ̀ ni. Ní 1912, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, Diesel ṣì ń sọ pé epo igi àti ti èso lè di ohun ńlá lọ́jọ́ iwájú, àti pé àwọn tó jìnnà sí ibi tí epo inú ilẹ̀ wà lè gbin epo tiwọn.

Owó wọlé, owó jáde

Lẹ́yìn 1897, owó wọlé fún Diesel. Adolphus Busch, olówó tó ń pọn ọtí bíà ní Amẹ́ríkà, san mílíọ̀nù kan owó máàkì láti máa ṣe ẹ́ńjìnnì náà lọ́hùn-ún. Diesel kọ́ ilé ńlá kan sí Munich, èyí tí àwọn ará ìlú ń wò bí ààfin.

Ṣùgbọ́n ìyọnu kò jìnnà. Àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ń bàjẹ́, àwọn oníbàárà sì ń bínú. Àwọn kan pè é lẹ́jọ́ pé èrò náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1898, àárẹ̀ ọpọlọ dá a dùbúlẹ̀, wọ́n sì ní láti gbé e lọ síbi ìtọ́jú. Ó fi owó ra ilẹ̀, ó fi owó sínú òwò tí kò mọ̀ dunjú, ó sì pàdánù. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà kí epo má bàa ṣòfò kò rí owó tirẹ̀ dì mú.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lọ síwájú ní tirẹ̀. Ní 1912, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Selandia, tí wọ́n kàn ní Copenhagen, rin ìrìn àjò ojú òkun tó jìnnà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì dísù. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lórí èédú.

Òru ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi Dresden ní Antwerp, lórílẹ̀-èdè Belgium. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lọ fún ìpàdé ilé iṣẹ́ kan. Ó jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń rìn, ó wọ yàrá rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó sì ní kí wọ́n jí òun ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí i. Kò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Fìlà àti kóòtù rẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́bàá irin tó yí ọkọ̀ ká.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá, àwọn atukọ̀ Netherlands rí òkú kan lójú òkun. Wọ́n kó ohun tó wà lápò rẹ̀, wọ́n sì dá òkú náà padà sínú omi. Ọmọ rẹ̀ Eugen ló wá jẹ́rìí sí i pé ti bàbá òun ni àwọn nǹkan náà. Diesel kò ní sàréè títí di òní.

Kó tó kúrò nílé, ó ti fún ìyàwó rẹ̀ ní àpò kan, ó ní kó má ṣí i títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó máàkì ni ìyàwó bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó fi hàn pé kò sí nǹkan kan mọ́ ní báńkì. Àwọn kan ní wọ́n pa á ni, nítorí epo tàbí nítorí àṣírí ogun, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn gbà ni pé gbèsè ló sú u tó fi bọ́ sómi. Ọmọ ọdún 55 ni.

Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe dé inú ọkọ̀ kékeré

Ẹ́ńjìnnì ti 1897 ga tó mítà mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè gbé irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn ikú Diesel ni àwọn mìíràn sọ ọ́ di kékeré. Robert Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń fọ́n epo ní 1927. Ní 1936, Mercedes-Benz gbé ọkọ̀ 260 D jáde, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ń lo dísù.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe kéré sí i tó ni ooru ṣe ń tètè sá kúrò nínú rẹ̀, nítorí ara irin tó tutù ń fa ooru atẹ́gùn mọ́ra. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi híta plọ́ọ̀gì sínú àwọn ọkọ̀ dísù kékeré. Kì í ṣe pé ó ń ṣá iná bíi plọ́ọ̀gì pẹtiróòlù. Ńṣe ló ń gbóná pọ́n-ún láti ran atẹ́gùn lọ́wọ́ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi móoru.

Àwọn òǹkàwé wa tó wà ní abúlé mọ ẹ́ńjìnnì Lister tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ní 1929 ni ilé iṣẹ́ Lister ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CS jáde. Ìtumọ̀ lẹ́tà méjèèjì ni pé ó lè ṣíná nígbà tó tutù, pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ìdí tí ènìyàn fi máa ń kọ́kọ́ yí i kíákíá kó tó dá fáàfù padà ni pé kíkán ló ń mú ooru wá. Bí ọwọ́ bá falẹ̀, ooru ti lọ.

Bí ọkọ̀ dísù bá kọ̀ láàárọ̀

Ní Jámánì, níbi tí omi ti ń di yìnyín lójú títì, wọ́n ṣe Mercedes 240D kó lè ṣíná. Àárọ̀ Èkó kì í sábà tutù ju 20 lọ lórí ìwọ̀n Celsius, kódà nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, bí irú ọkọ̀ yìí bá kọ̀ ní Apple Junction, tàbí ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn tí ọyẹ́ ti mú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a má di ẹ̀bi ru òtútù. Nǹkan kan ti ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, àárọ̀ ló kàn tú àṣírí rẹ̀. Kí ènìyàn tó sáré lọ ra pọ́ọ̀ǹpù ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, ó yẹ kó béèrè ibi tí ooru náà gbà lọ. Bí a ṣe ń wá a nìyí.

Àkọ́kọ́, ẹ tẹ́tí sí bí kíkì ṣe ń yí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń fà tìkọ̀tìkọ̀, bátìrì ti rẹ̀, tàbí orí rẹ̀ ti dípẹtà, tàbí wáyà tó lọ sára irin ọkọ̀ ti tú. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí díẹ̀díẹ̀ kò lè mú atẹ́gùn gbóná. Èyí ni owó rẹ̀ kéré jù láti tún ṣe, òun ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Èkejì ni híta plọ́ọ̀gì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kí ẹ dúró kí iná rẹ̀ tó wà níwájú awakọ̀ kú, kí ẹ tó ṣíná. Bó bá ṣì kọ̀, kí mẹkáníìkì tú wáyà kúrò lórí àwọn plọ́ọ̀gì náà, kó fi gílóòbù kékeré tó ti so mọ́ orí bátìrì tó jẹ́ pọ́sítíìfù kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tí gílóòbù kò bá tàn sí ti kú. Bí ọ̀kan péré bá kú nínú mẹ́rin, ọkọ̀ yóò ṣíná ṣùgbọ́n yóò máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Mercedes 240D tí wọ́n ṣe ṣáájú 1980, wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo wọn ti kú nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo èéfín nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí èéfín funfun bá ń jáde, epo ń dé ibẹ̀, ooru ni kò tó. Ẹ padà sí híta plọ́ọ̀gì àti agbára ẹ́ńjìnnì láti fún atẹ́gùn. Bí èéfín kankan kò bá jáde rárá, epo kò dé ibẹ̀. Bí èéfín bá dà bí aró, tó sì ń rùn bí ọ́ìlì, ríngì tàbí fáàfù ti jẹ.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà epo. Ihò kékeré lára rọ́bà àtijọ́ lè máà jò epo síta, ṣùgbọ́n yóò máa fa atẹ́gùn wọlé lóru, epo á sì sá padà sínú táǹkì. Bí ọkọ̀ bá ṣíná lẹ́yìn tí ẹ ti fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ tó wà lára ẹ́ńjìnnì fa epo wá, ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́sù. Ẹ yẹ fíltà wò pẹ̀lú, nítorí omi tó bá wà nínú dísù máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ mọ́jú.

Ìkarùn-ún ló wọ́n jù, òun ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn: kí mẹkáníìkì fi ohun èlò ìwọ̀n wo bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún atẹ́gùn sí. Kó tó ṣe èyí ní Mercedes, kó kọ́kọ́ tún àlàfo fáàfù ṣe, torí fáàfù tí kò pa dé dáadáa ń jẹ́ kí atẹ́gùn sá.

Ẹ má ṣe tanná ran àkísà sẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Ẹ má sì fọ́n súpíréè ìṣíná síbẹ̀ nígbà tí híta plọ́ọ̀gì bá ń gbóná. Ó lè bú gbàù, kó fọ́ písítìn, kó sì ṣe ènìyàn léṣe.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọkọ̀ tó ń lò tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó ṣíná lónìí, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá, ti ń kéde ohun tó ń bọ̀.

Láti 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tó ń lo iná mànàmáná ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, nítòsí Apple Junction níbẹ̀. Síbẹ̀, dísù náà ló ṣì ń gbé ẹrù kúrò ní èbúté Apapa àti Tin Can, òun ló sì ń tan iná fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Ohun tí Diesel fi hàn ní Augsburg fún ìṣẹ́jú kan ní 1894 ni gbogbo wọn ń lò: ẹ fún atẹ́gùn pọ̀ dáadáa, kí ẹ má jẹ́ kí ooru rẹ̀ sá lọ.